Kí ló dé tí Ctrl+F tí mo fi ń wá ọ̀rọ̀ lójú ìwé kì í ṣiṣẹ́ lórí àwọn wẹ́bùsáìtì kan? Àbí kíbọọ̀dù ti bàjẹ́?

Okun o, àbúrò. Kíbọọ̀dù ẹ ò ṣe nǹkan kan, má tíì gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Kabba, wọ́n á kàn gbowó ẹ ni. Wẹ́bùsáìtì yẹn gan-an ló ń já bọ́tìnì gbà mọ́ bíráúsà lọ́wọ́, torí JavaScript, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lójú ìwé yẹn, ló máa ń kọ́kọ́ rí ohun tó o tẹ̀, tí wọ́n bá sì ti kọ preventDefault síbẹ̀, ìyẹn àṣẹ pé kí bíráúsà má ṣe iṣẹ́ tó máa ń ṣe, bíráúsà ò ní dá sí i mọ́. Google Docs ń ṣe é, tiẹ̀ nídìí, torí orí canvas ló ń ya ọ̀rọ̀ sí bí àwòrán, bíráúsà ò lè rí i wá dáadáa. Àwọn tó kù, àṣejù lásán. Ctrl+T tó ń ṣí táàbù tuntun àti Ctrl+W tó ń ti táàbù ṣá, Chrome kì í jẹ́ kí wọ́n gbà á nínú táàbù.

Kọ́kọ́ klíìkì ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì wà lókè, wá tẹ Ctrl+F, ìwé yẹn ò ní gbọ́. Tó bá jẹ́ Firefox lò ń lò, tẹ Ctrl+I, lọ sí Permissions, wá Override Keyboard Shortcuts, mú àmì kúrò lára Use default, kó o fi sí Block. Sáìtì yẹn nìkan ló máa kàn o.