Rẹ́kọ́ọ̀dù kóòtù ní Michigan: ẹ gba ìwé olóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n pa á rẹ́

Àǹtí, ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín o. Bí mo ṣe ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ọdún 2017 ni kóòtù dá a lẹ́bi ní Michigan pé ó mú ọjà ní ṣọ́ọ̀bù láìsanwó, probation ni wọ́n fún un (kí kóòtù máa ṣọ́ ọ dípò ẹ̀wọ̀n), ó ti ṣe é tán, ó wá fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́kọ́ọ̀dù náà rẹ́ kíákíá kó lè fi fọ́ọ̀mù sítísẹ́ǹ, ìyẹn N-400, ránṣẹ́, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò mú òun rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú ná. Mi ò ní kó má pa á rẹ́ o, èmi náà ṣe é, kóòtù sì gbà fún mi. Ṣùgbọ́n kó tó kọ ohunkóhun sí kóòtù, kó kọ́kọ́ lọ gba certified copy ìwé ẹjọ́ rẹ̀, èyí tí òǹtẹ̀ kóòtù wà lára ẹ̀, kó gbà tó mẹ́ta mẹ́rin, kó tọ́jú ẹ̀ pa mọ́. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, ìjà ni. Èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé nínú ilé la fa wàhálà, àwọn ará ilé kejì pe ọlọ́pàá, lọ́yà tí kóòtù yàn fún mi ní kí n gbà pé mo jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán nílẹ̀, mo gbà. Probation tán, ọ̀rọ̀ ò tán. Ibi iṣẹ́ tí mo bá dé, wọ́n á ti gbà mí, wọ́n á ti dá ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀ fún mi, tí background check, ìyẹn ìwádìí bóyá èèyàn ti ní ẹjọ́ rí, bá ti wọlé báyìí, wọn ò ní gbé fóònù mi mọ́.

Ti àbúrò yín ṣeé ṣe kó ti parẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Láti April 2023 ni Michigan ti ń fi kọ̀ǹpútà pa àwọn ẹjọ́ kan rẹ́ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn bẹ ẹnikẹ́ni, misdemeanor (ẹ̀ṣẹ̀ kékeré) tó bá ti pé ọdún 7 sí ọjọ́ ìdájọ́, felony (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá) tó bá ti pé 10, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹ ní kó lọ sórí ICHAT, ìkànnì àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni, dọ́là 10 ni wọ́n ń gbà, kó tẹ orúkọ ara ẹ̀ àti ọjọ́ ìbí ẹ̀ sí i kó wo ohun tó máa jáde. Ọ̀rọ̀ ìjà bíi tèmi ò sí lára èyí tí kọ̀ǹpútà ń pa rẹ́, ìdí nìyẹn témi fi gba iwájú adájọ́ lọ.

Tó bá ṣì wà níbẹ̀, á jẹ́ pé kóòtù ló kù. Kóòtù tó dá ẹjọ́ yẹn gan-an ni o, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ilé ẹ̀ báyìí. MC 227 ni fọ́ọ̀mù ẹ̀. Misdemeanor lásán, ọdún 3 lèèyàn máa dúró. Felony ẹyọ kan, ọdún 5. Felony tó ju ẹyọ kan lọ, ọdún 7, tí ò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Èmi tiẹ̀ lérò pé ọdún 3 ni tèmi torí ẹ̀wọ̀n tó wà nídìí ẹ̀ ò ju ọjọ́ 93 lọ, àṣé serious misdemeanor, ìyẹn misdemeanor tó wúwo, lòfin ka ìjà sí, ọdún 5 ni. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà o, tí probation bá parí lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tí probation parí lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹjọ́ mìíràn lọ́rùn ẹ̀ lásìkò tó ń kọ̀wé. Ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ò kan kóòtù ìpínlẹ̀ rárá, ẹni tó bá jẹ́ pé federal ni tiẹ̀, kó má bá wọn dà á pọ̀.

Ìwé ẹ̀ ò le, wàhálà ẹ̀ ni pé ó pọ̀. Á lọ tẹ̀ka ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, á fọwọ́ sí MC 227 lójú nótárì (kó má ti ilé fọwọ́ sí i lọ o, wọ́n á ní kó tún òmíràn kọ), á so certified copy mọ́ ọn, á san dọ́là 50 fáwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, á tún há kọ́pì fún ọ́fíìsì Attorney General àti pírósíkútọ̀ tó gbé ẹjọ́ náà wá. Tí ò bá lówó lọ́yà, ìkànnì Michigan Legal Help máa bá a kọ fọ́ọ̀mù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ìbéèrè ló máa ń bi èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ pé Detroit ló ń gbé, ìjọba ìlú ní Project Clean Slate, lọ́yà ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun á bá yín pa á rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sá fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí, èmi rò pé wọ́n máa tún ìjà yẹn jà ni. Torí pé ọ̀rọ̀ fọwọ́-kanni ni, pírósíkútọ̀ ní láti sọ fún ẹni tá a jọ jà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá sọ tẹnu ẹ̀. Kò wá. Adájọ́ ò tiẹ̀ béèrè ohun tó fa ìjà. Ohun tó ń wá ni ohun témi ti ń ṣe látìgbà yẹn, òun lòfin ní kó wò, ìwà èèyàn látọjọ́ ìdájọ́ títí dòní àti bóyá kò ní pa ará ìlú lára téèyàn bá rí ìdáríjì. Mo ti kó lẹ́tà dání. Ó mú èyí tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kọ, ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, ṣé ó mọ ohun tó o wá bẹ̀bẹ̀ fún níbí? Mo ní ó mọ̀ sà, ó wà ní ìlà kejì. Ó tún wò ó, ó mi orí. Ẹni tó ṣáájú mi lọ́jọ́ yẹn gbé lẹ́tà mẹ́ta wá, gbogbo ẹ̀ ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni, kò sí ìkankan tó dárúkọ ẹjọ́ nínú ẹ̀, adájọ́ bi í ní ìbéèrè kan náà, ó ń wolẹ̀. Torí náà lẹ́tà ẹyọ kan látọwọ́ ẹni tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sàn ju ti pásítọ̀ mẹ́wàá tí wọn ò mọ nǹkan kan. Tí adájọ́ bá kọ̀, ọdún 3 ló máa tó padà wá, àfi tí adájọ́ bá dá ọjọ́ tó sún mọ́ ọn fún un, kó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Wọ́n fọwọ́ sí i, ICHAT mi mọ́ nígbà tó yá, àmọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń ta background check ṣì ń gbé ẹjọ́ yẹn jáde torí ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo kọ̀wé sí wọn, mo so àṣẹ kóòtù mọ́ ọn, òfin FCRA, òfin ìjọba àpapọ̀ tó de àwọn tó ń ta irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi yẹ irú ẹ̀ wò. Wọ́n yọ ọ́.

Ó wá ku ìmígréṣọ̀n, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ látàárọ̀. Gbogbo ohun tí kóòtù Michigan pa rẹ́ yìí, lójú ìmígréṣọ̀n kò parẹ́. Láti 1996 lòfin wọn ti sọ pé tó o bá ti gbà pé o jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fún ẹ ní ìyà tó wù kó kéré mọ, ó ti di conviction, ní 1999 ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn sì sọ ọ́ kedere nínú ẹjọ́ Roldan pé àánú tí ìpínlẹ̀ ṣe fún èèyàn ò kan àwọn. Fọ́ọ̀mù N-400 fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kódà tí wọ́n bá ti pa rẹ́kọ́ọ̀dù náà rẹ́. Ìka tó tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wà lọ́dọ̀ FBI. Tó bá kọ "rárá" síbẹ̀ torí pé Michigan ti dárí jì í, irọ́ ló pa fún ìjọba àpapọ̀ yẹn, irọ́ yẹn sì lè ba nǹkan jẹ́ ju ọjà tó mú lọ.

Nígbà íńtáfíù tèmi, mo ti kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé àṣẹ kóòtù lé tábìlì tayọ̀tayọ̀. Ọ́físà yẹn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní èyí dáa, ìwé ìdájọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Èyí tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́, ìyà tí wọ́n fún ẹ, àti pé o ṣe é tán? Ó wà nínú fáìlì mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀, mo fà á yọ, ó lọ ṣe fọ́tòkọ́pì, a lọ sórí ìbéèrè tó kàn. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ò rí tiẹ̀ gbé kalẹ̀, ó padà sí kóòtù, àwọn kíláàkì ò rí ẹjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà wọn mọ́, wọ́n ń dá a lọ dá a bọ̀, ìmígréṣọ̀n sì ń retí ìwé.

Tí rẹ́kọ́ọ̀dù àbúrò yín bá ti parẹ́ fúnra ẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bá kíláàkì kóòtù yẹn pẹ̀lú ID ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹjọ́, kó béèrè ìwé náà nísinsìnyí tí kò tíì sí ẹni tó ń lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn kó rí lọ́yà ìmígréṣọ̀n, kì í ṣe lọ́yà kírímínà o, torí ẹ̀sùn olè wà lára ohun tí wọ́n máa ń wò fínnífínní. Ìyẹn máa bá a wo ọjọ́ tó bọ́ sí, ìyà tí wọ́n fún un, àti bóyá kó tiẹ̀ kọ N-400 báyìí tàbí kó sinmi ná. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe òfin wà nínú ẹjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kóòtù sì tìtorí àṣìṣe yẹn wọ́gi lé ìdájọ́ náà, ìyẹn ni ìmígréṣọ̀n lè kà sí. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn, MC 227 kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ti iṣẹ́ tẹ́ ẹ tún béèrè, bóyá ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́: níbi iṣẹ́ lásán, tí kóòtù bá ti pa á rẹ́, kó dáhùn pé kò sí, òfin wà lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn yẹn ṣì lè rí i.