Aboyún Tó Sanra: Kílò Mélòó Ló Yẹ Kó Fi Kún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 14. Kílò 92 ni mo wọ̀n kí n tó lóyún, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.62. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa jẹun ẹni méjì, nọ́ọ̀sì ní mo ti sanra jù. Ṣé kí n febi panú kí n lè fọn díẹ̀ kí n tó bí ni? — Aboyún kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má febi panú. Bí ìyá bá ń rù nínú oyún, ọmọ lè má dàgbà tó bó ṣe yẹ. Iye tí ẹ óò fi kún ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ sọ 1.62 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi pín 92: èsì rẹ̀ jẹ́ 35, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn sanra ju bí gíga rẹ̀ ṣe yẹ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti tó 30 sókè, kílò 5 sí 9 ló yẹ kó fi kún títí dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Láti oṣù kẹrin lọ, kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kílò lọ lọ́sẹ̀.

Ìyá ọkọ yín fẹ́ràn yín, àmọ́ ọmọ inú kì í jẹ oúnjẹ àgbà. Títí oyún fi pé oṣù mẹ́fà, oúnjẹ tó ń yó yín tẹ́lẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́ínmọ́ín kan lójúmọ́ tó ní àlékún.

Òróró ló máa ń tan èèyàn jù. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà, ní nǹkan bíi kálórì 120. Ẹni tó ń tú u látinú ike sínú ìkòkò lè da ṣíbí mẹ́wàá láìmọ̀. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Méjì tàbí mẹ́ta tó fún ẹ̀fọ́ tí èèyàn mẹ́rin máa jẹ. Kí àmàlà má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀. Ìgò màálítì kan, súgà inú rẹ̀ ju ṣíbí tíì márùn-ún lọ. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ní klíníìkì, kí wọ́n yẹ súgà ẹ̀jẹ̀ yín wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Bí apá yín bá tóbi, ẹ ní kí wọ́n lo bẹ́líìtì ńlá tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, torí pé èyí tó kéré máa ń mú kí ìfúnpá dà bíi pé ó ga ju bó ṣe wà lọ.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí fún mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń mu ògì àti mílíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kí ọmú lè wá, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tíì tó ń fá ikùn. — Ìyá ìkókó, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Mímu tí ọmọ ń mu ún ló ń mú ọmú wá: ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Ife ògì kan lójúmọ́ kò burú, kí súgà rẹ̀ ṣáà kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tíì yẹn sílẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni púpọ̀ nínú wọn ń fà; omi ara ló ń jáde, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Fífún ọmọ lọ́mú gan-an ń jó nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́. Bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ lè máa dín ààbọ̀ kílò kù lọ́sẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀já fún ojú iṣẹ́ abẹ pinpin, ẹ má sì fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí ikùn bá ṣẹ́po bò ó, òógùn máa ń há síbẹ̀, ìyẹn ló sì ń sọ ọ́ di egbò. Ẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi aṣọ òwú mímọ́ sáàárín. Bó bá pọ́n, tó ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn yín, tàbí èémí ṣàdédé ń já, ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà ńbẹ̀: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.