Ṣé a lè rí eré orin fún àwọn ọmọ wa ní Ifẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Toronto là ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ. Níbí, àwọn olórin kan máa ń wá sí ilé ìkàwé àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láàárín àwọn ọmọ, tọmọ tòbí á jọ máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í fẹ́ kó parí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí orin Yorùbá kan ṣoṣo níbẹ̀. Ní Disẹ́ńbà, a ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣé irú eré bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀? Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Táíwò sì máa ń di etí tí ariwo bá pọ̀. Ṣé kí n ra ìlù fún wọn bọ̀?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. London ni èmi ti wá irú eré yìí kiri lọ́jọ́sí. Gbọ̀ngàn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń wá, mo sì rí ọ̀kan: wọ́n to àga oníke, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún bíi pé ó fẹ́ ṣí òrùlé, adarí ètò ń kí àwọn olówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí onílù tó na ìlù, ọmọ mi ti sùn lọ.

Ìyá mi àgbà kan ní Iléṣà ló là mí lójú. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá kó gbogbo ọmọ agboolé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ààlọ́ o!” Wọ́n ní, “Ààlọ̀!” Nígbà tí ìtàn dé ibi orin, ìyá lé e, àwọn ọmọ gbè é. Ọmọ mi tí ń fi “hi” kí àgbàlagbà ti ń gbè nígbà tí orin máa yí lẹ́ẹ̀kejì, torí ègbè náà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Irú ibẹ̀ ni kí ẹ wá fún wọn, ibi tí wọ́n á ti ní ègbè láti gbè.

Nítorí náà, ẹ pe ìyá bàbá wọn báyìí. Kí wọ́n kọ orin ààlọ́ méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ nínú mọ́tò. Ìyá bàbá wọn náà ni yóò lé e nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ kọ́ wọn ní eré ẹkùn mẹ́ran pẹ̀lú: wọ́n á di ọwọ́ mú yí “ẹran” ká, “ẹkùn” á wà níta, àwọn tó kù á máa gbe orin. Pẹ̀lú àwọn ọmọ agboolé, ìyẹn nìkan á gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe onílù wá sílé. Ẹni mẹ́ta tó. Ẹ jẹ́ kí ará ilé bá wọn dúnàádúrà (ẹ̀yin ẹ fi ohùn Toronto yẹn pamọ́ sínú yàrá), kí ẹ sì sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gúdúgúdú kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú. Kí Táíwò má sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó fún ọsán, ìyẹn àwọn okùn awọ ara ìyáàlù, mọ́ra nígbà tí onílù ń lù ú: bó bá fún un, ohùn á gòkè, bó bá tú u sílẹ̀, á wálẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ariwo wà kì í tètè di etí.

Ẹ bèèrè oríkì wọn kí onílù tó dé. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ tèmi, Àṣàkẹ́ ni ọmọ àbúrò mi. Onílù na ohùn mẹ́ta péré, dò dò mí, àwọn méjèèjì fò dìde: “Èmi ló ń pè!” Ìjà dé. Àwọn méjèèjì ló sì jàre, torí ohùn kan náà ni orúkọ méjèèjì ní, ìlù kò sì lè pe “bẹ̀” yàtọ̀ sí “ṣà”. Bàbá onílù rẹ́rìn-ín, ó fi “ọmọ Lọ́ńdọ̀nù” kún ọ̀kan. Àmì ohùn tí mo ti ń pariwo lé lórí fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ló wọ Àbẹ̀kẹ́ létí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí o. Òfin Báńkì Àgbà ti 2007 kà á léèwọ̀, wọ́n sì ti ń fi mú ènìyàn. Ẹ gbé igbá kalẹ̀, kí àwọn ọmọ máa sọ owó sínú rẹ̀. Inú wọn á dùn bákan náà.

Ní ti OAU, ẹ bèèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin bóyá eré wà ní Oduduwa Hall. Láti ayé ibùdó àṣà Ori Olokun, ní 1968, ni yunifásítì yẹn ti ń gbé eré àti ìlù wọ ìgboro Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n Disẹ́ńbà lè bá ìsinmi, ẹ má gbójú lé e. Bí Ìwúde, ọdún àwọn Ìjẹ̀ṣà ní Iléṣà, bá bọ́ sí àsìkò yín, Iléṣà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Èrò ibẹ̀ pọ̀ jù fún Táíwò, Kẹ́hìndé lè lọ. Ẹ sọ fún un pé ní Salvador, ní Bràsíl, irú ìlù lílù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ìjẹ̀ṣà yìí náà ni. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, ń lù ú kiri ìgboro nígbà kàníválì.

Ìlù rírà? Awọ ẹran àti igi ni, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù yín. Èmi ra ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré méjì. Ọ̀kan fọ́ nínú bàálù.
Bàbá Àbẹ̀kẹ́, London