Ṣé "bàbá" tó wà nínú èdè púpọ̀ fi hàn pé ẹbí kan ni wá?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: Yorùbá ń pe bàbá ní bàbá, Ṣáínà ní bàba, Túrúkì ní baba, Súlù náà ní baba. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rí nìyẹn pé ilé kan náà ni gbogbo wa ti jáde?

Rárá o. Ìjọra náà wà lóòótọ́, kódà ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi Swahili, Shona, Bengali, Páṣíà àti Haúsá kún un. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ wo ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ìró tó rọrùn fún un jù ni èyí tí ètè méjèèjì ń pàdé kí wọ́n tó là: ba, pa, ma. Kò nílò eyín, kò nílò kó gbé ahọ́n síbì kan. Á máa tún un wí, ba-ba-ba, ma-ma-ma, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Àgbà tó wà nítòsí ló ń gbọ́ orúkọ nínú rẹ̀. Bàbá á ní, "Ó ti ń pè mí!", á dáhùn, á gbé ọmọ mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ti máa kọ́ pé ẹni yìí ló ń jẹ́ ba-ba.

Roman Jakobson, onímọ̀ èdè tí wọ́n bí ní Moscow, kọ àlàyé yìí jáde ní 1960. Iṣẹ́ George Peter Murdock ló gbé e kà, ẹni tó ti ṣa ọ̀rọ̀ 1,072 tí oríṣiríṣi èdè ń lò fún ìyá àti bàbá jọ. Nínú àwọn tó túmọ̀ sí ìyá, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìró àránmúpè bíi m àti n. Nínú ti bàbá, ìdá 15 péré. Jakobson ní tí ọmú bá wà lẹ́nu ọmọ, imú nìkan ni ohùn rẹ̀ lè gbà jáde, á máa kùn mm-mm. Nígbà tó bá yá, ìkùn yẹn kan náà ni yóò fi máa béèrè oúnjẹ, tí yóò sì fi máa pe ẹni tó ń fún un.

Kì í ṣe òfin tí gbogbo èdè ń tẹ̀ lé, ṣá. Igbo ń pe bàbá ní nna. "Ìyá" tiwa kò ní m tàbí n kankan. Èdè Georgia ló wá yí i po pátápátá: mama ni bàbá lọ́dọ̀ wọn, deda ni ìyá. Ọmọ wọn kò yàtọ̀ sí ọmọ ibòmíì, ohun tí àgbà ibẹ̀ gbà pé ó ń sọ ló yàtọ̀.

Baba fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọkùnrin níbi gbogbo. Ní Bulgaria, màmá àgbà ni. Babushka tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe ìyá àgbà, ara baba yìí ló ti yọ. Ní Japan, arúgbó obìnrin ni, kò sì ní ọ̀wọ̀ nínú. Ní Punjab, ó lè jẹ́ bàbá àgbà tàbí ẹni mímọ́, bí wọ́n ṣe ń pe Guru Nanak tó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀ ní Baba Nanak.

Ohun tó mú un dá mi lójú jù ni pé ọ̀rọ̀ àjogúnbá kì í dúró sójú kan. Pater ti Látìn àti father ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ p ti di f lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí Ṣáínà ń lò fún bàbá, fù, ìró ètè bíi b tàbí p ló fi bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ti yí padà, bàba ṣì wà bẹ́ẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni ọmọ tuntun ń dá a sílẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀ Japan kan wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí mo fẹ́ràn gan-an: "Nítorí ìyá, a pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí bàbá, a kò pàdé rí. Kí ni o?" Ètè ni. Lónìí, ètè kò pàdé rárá nínú haha, ìyá lédè wọn. Àlọ́ yìí wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé nígbà yẹn ètè ni wọ́n fi ń pe h inú rẹ̀, nǹkan bíi fafa. Ó sì ti jẹ́ papa ṣáájú ìgbà náà. Papa, tó sì jẹ́ ìyá!

Àyálò náà wà níbẹ̀. Babo tí wọ́n ń pe bàbá ní Bosnia, ọwọ́ Túrúkì ni wọ́n ti gbà á. Papa ti Látìn, láti ara Gíríìkì, ló bí Póòpù. Lárúbáwá kò ní ìró p, nítorí náà al-Baba ni Póòpù lẹ́nu wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìbátan, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọwọ́ kò lè ṣèèṣì pè ni kó gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀ta ni tiwa, atọ ni ti Igbo, tatu ni ti Swahili, thathu ni ti Súlù. Ìyẹn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn bíi tirẹ̀, ni ẹ̀rí. Ẹbí wa tó jìnnà ni Súlù lóòótọ́. Ṣáínà ń pe ẹ̀ta ní sān, Túrúkì ní üç, wọn kò sì sí nínú ẹbí yìí.