Ṣé bàálù kan wà tó ń ti Àkúrẹ́ lọ tààrà sí Ìlọrin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjàpọ̀ níbí l'Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. A fẹ́ ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi n'Ílọrin nínú oṣù Kejìlá, orúnkún sì ń da màmá wa láàmú, wọn ò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ sí ti Ìlọrin ò ju 159 kìlómítà lọ, pé ìṣẹ́jú 42 ni bàálù máa fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì kankan rà. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìyàwó o, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí. Ẹ ò rí tíkẹ́ẹ̀tì torí pé kò sí bàálù tó ń ná Àkúrẹ́ sí Ìlọrin. Èyí tó bá kó èrò níbí, Èkó tàbí Àbújá ló ń lọ.

Irọ́ kọ́ ni 159 yẹn o. Kọ̀ǹpútà fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ kan dé ìkejì, ó wọ̀n ọ́n, ó parí. Kò bá ẹnikẹ́ni wádìí bóyá bàálù wà. Ìṣirò lásán ni ìṣẹ́jú 42 náà. Ó mú bàálù tó ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn já sí ìṣẹ́jú 12, ó wá fi 30 lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè réré ni bàálù ti ń sá irú eré yẹn. Kó tó gùn débẹ̀, á ti tó àsìkò tó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ sí Ìlọrin.

Ẹ wá wo ti pé kẹ́ ẹ wọ bàálù lọ sí Èkó, kẹ́ ẹ wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Àkúrẹ́ sí Èkó tó nǹkan bíi 230 kìlómítà, Èkó sí Ìlọrin tó 240. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà nìyẹn, síbẹ̀ ojú òfurufú kọ́ ni wàhálà wà, ilẹ̀ ni. Ilé èrò méjì fún bàálù abẹ́lé ló wà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà, MM1 àti MM2 ni wọ́n ń pè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjì, ẹ lè sọ̀ sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ gba ẹrù, kẹ́ ẹ wá mọ́tò lọ sí ìkejì, kẹ́ ẹ tún lọ tò. Tòun ti orúnkún Màmá! Bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, tí ìkejì fi yín sílẹ̀, ẹni tó ta ìkejì á ní kò kan òun. Oṣù Kejìlá tún ni, ọyẹ́ ti dé nìyẹn: bí eruku bá bo ojú òfurufú, awakọ̀ ò ní gbéra.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà. Ẹ háyà odidi mọ́tò kan, ẹ fi Màmá síwájú kí wọ́n lè na ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè gbéra láàárọ̀ kílẹ̀ má bàa ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ gba Ìkẹ́rẹ́, Adó-Èkìtì, Ọ̀tùn, Òmù-Àrán. Ẹ dúró l'Ádó, ẹ tún dúró l'Ómù-Àrán, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀.

Bí Màmá bá ní bàálù làwọn ń wọ̀ dandan, ọwọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti ra méjèèjì, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ mú ti àárọ̀, ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú ìnáwó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rà á ni kẹ́ ẹ ti béèrè kẹ̀kẹ́ arọ fún wọn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé pápákọ̀.