Ẹ má jẹ́ kí awọnlẹ̀ tún pílánì yín ṣe lórí tábìlì

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ọ́fíìsì ìjọba yẹ pílánì ilẹ̀ yín wò, tí wọ́n dá a padà, tí awọnlẹ̀ yín sì ní kí ẹ fún òun ní ọjọ́ méjì kí òun fi tún un ṣe: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbà fún un. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Mo gbà, ọdún méjì gbáko ló sì ná mi kí n tó lè fi orúkọ ilẹ̀ mi sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo rà gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20. Nígbà tí pílánì náà kọ́kọ́ padà dé, gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ sí i: àwọn ìlà ààlà kò pàdé. Kò yé mi nígbà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pílà kìíní, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé dígírì (ìhà tí ìlà kọjú sí) àti mítà tí wọ́n kọ sára ìlà kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi yí ilẹ̀ náà po, ìdí pílà kìíní yẹn náà ló yẹ kó padà sí. Tèmi kò padà síbẹ̀. Ó fi bíi mítà kan yẹ̀. Awọnlẹ̀ ní àṣìkọ ni. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi gbé òmíràn wá. Ìlà ẹ̀gbẹ́ kan tó jẹ́ mítà 20 tẹ́lẹ̀ ti di 21, gbogbo rẹ̀ sì pàdé wẹ́kú. Ìwọ̀n ilẹ̀ náà ti kúrò ní mítà onígun mẹ́rin 600, ó ti di 615. Mi ò bi í pé níbo ni 15 yẹn ti wá. Ó tiẹ̀ lọ hú pílà kan lẹ́yìn, ó sún un síbi tí ìwé tuntun wí, èmi náà sì tẹ̀lé e, mo mọ fẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ọ́fíìsì ìjọba ń ṣe lórí pílánì tuntun náà kò tíì parí.

Àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tú gbogbo rẹ̀ síta. Wọ́n gbé pílánì mi lé orí àwòrán ńlá tí wọ́n ya gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ sí sórí rẹ̀, igun ẹ̀yìn kan sì wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò mi. Ìgbà tí mo pe awọnlẹ̀ mìíràn ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Igbó kún ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ wọn ìlà mẹ́ta, ó sì da ìlà kẹrin kọ láti inú pílánì àtijọ́ tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi kó sílẹ̀. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi wọn ti àtijọ́ yẹn, àríwá tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sì ń tọ́ka sí yàtọ̀ sí àríwá orí àwòrán ilẹ̀. Ìyàtọ̀ náà lórí ilẹ̀ tèmi jẹ́ dígírì 2. Lójú, dígírì 2 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lórí ìlà tó gùn ní mítà 30, ó lé díẹ̀ ní mítà kan. Kàkà kí ó lọ ṣán igbó kí ó wọn ìlà tí kò wọ̀n, èyí tó wọ̀n dáadáa ló yí padà.

Mo wó fẹ́ǹsì. Èyí dùn mí, àmọ́ ojú tí aládùúgbò mi fi ń wò mí, bí ẹni tó fẹ́ jí ilẹ̀ òun gbà, ló dùn mí jù.

Ẹ má bínú sí àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Níbi tí ìjọba bá ti ń dúró gbọn-in lẹ́yìn ohun tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, irú ètò tí Robert Torrens gbé kalẹ̀ ní South Australia ní ọdún 1858, ìlà tí wọ́n bá ti gbà wọlé kì í rọrùn láti yọ mọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ìwé náà bá ara rẹ̀ mu, ó sì bá ìwé àwọn tó yí yín ká mu. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti sọ bóyá ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín ló ni ín. Ìwádìí ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin fúnra yín lè yẹ púpọ̀ wò nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá ní igun mẹ́rin, ẹ ro dígírì inú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 360 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ fi pílánì tí wọ́n dá padà wé ti àtijọ́, ẹ wo nọ́ńbà tó bá bá ara wọn mu jù bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn dà á kọ ni. Ẹ má fi rúlà wọn orí ìwé kí ẹ wá fi jà: lórí pílánì 1:500, mìlímítà kan jẹ́ ìdajì mítà lórí ilẹ̀. Fóònù náà kò lè ṣèdájọ́ mítà kan, nítorí ó lè fi bíi mítà 5 ṣì ní gbangba pàápàá. Bí ó bá wá gbé ilẹ̀ yín lọ sí ọgọ́rùn-ún mítà síbi tó wà, ẹ má jáyà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àtijọ́ (ibi tí wọ́n ti ń ka gbogbo ìwọ̀n) ni pílánì yín dúró lé, tí fóònù sì ń lo ti sátẹ́láìtì.

Ní báyìí, ẹ gba ohun tí ọ́fíìsì náà sọ ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹnu sọ fún awọnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ yín fi ìwé tó kọ ìwọ̀n sí nígbà tó wà lórí ilẹ̀ hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé ìlà wo ni kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Bí ó bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ jọ lọ síbẹ̀, kí ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà kó wà níbẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.