Ẹ lóṣòó ti ìbéèrè rọ́bà yẹn

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá yín wà ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), tẹ́ ẹ béèrè ohun tí ọmọ lè ṣe yàtọ̀ sí kó máa sanwó. Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Ohun tójú bàbá mi rí ní ọsibítù kan ní Iléṣà ni màá sọ. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9, ojú wọn ti là, wọ́n ti ń fọwọ́ júwe nǹkan, gbogbo wa ń yọ̀. Àmọ́ rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí wọn lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì rò pé dókítà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, dókítà rò pé nọ́ọ̀sì ń bójú tó o, èmi náà ń wo àpò ìtọ̀ yẹn bí ẹni ń wo àga. Lọ́jọ́ 14, ara wọn gbóná bí ààrò, wọ́n ń gbọ̀n. Àkóràn ti gba ibi rọ́bà wọlé. Mátírọ́ọ̀nù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé ló ní, "Kí ni rọ́bà yìí ṣì ń wá níbí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mi ò di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn nọ́ọ̀sì o. Láti Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni mo máa ń gbà lọ síbẹ̀, ọwọ́ tí mo fi ka owó látàárọ̀ náà ni mo fi ń di ọwọ́ bàbá mi mú láìfọ̀ ọ́. Alàgbà ìjọ wa tiẹ̀ fi òróró pa ojú ibi tí abẹ́rẹ́ omi wọlé. Mo ṣe àmín.

Ẹ̀yìn tí a padà sílé ni mo wá ń kàwé kiri. Peter Pronovost, tó jẹ́ dókítà ní ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà nígbà náà, to ohun 5 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ki rọ́bà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá: kó fọwọ́, kó fi chlorhexidine (oògùn apakòkòrò) nu awọ ara, kó fi aṣọ tí kò ní kòkòrò bo aláìsàn kí òun náà sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kó má gba ìtòsí abẹ́ wọlé bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kó yọ ọ́ bí kò bá wúlò mọ́. Nọ́ọ̀sì sì láṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. (Níbí wa ńkọ́, ta ló tó bẹ́ẹ̀?) ICU tó lé ní 100 ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, lò ó. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 ni pé, láàárín oṣù 3, ó kéré tán ìdajì wọn ni kò rí àkóràn ẹ̀jẹ̀ kankan láti ara rọ́bà yẹn mọ́. Rọ́bà iṣan ni tiwọn, ti ìtọ̀ ni ti bàbá mi, síbẹ̀ ìkarùn-ún yẹn ló dùn mí jù.

Òṣómàáló ni bàbá mi nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ. Ẹni tó jẹ wọ́n lówó kì í rí wọn lé lọ; wọ́n á lóṣòó síbẹ̀ títí á fi san án. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe lóṣòó ti ìbéèrè yìí láràárọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, rọ́bà wo ló ṣì wúlò fún màmá lónìí?" Ẹ má fi ìbínú béèrè. Èmi pariwo nígbà tí mo rí i pé ìdí bàbá mi ti ń pọ́n nítorí ìdùbúlẹ̀ sójú kan, àwọn nọ́ọ̀sì lé mi síta. Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo gbé páálì ìbọ̀wọ́ kan dání. Nọ́ọ̀sì kan náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń yí bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí méjì-méjì.

Ẹ ra ìwé kékeré, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fi rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí i. Ọjọ́ mélòó ni ìyá ti lò níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti ń fúnra wọn mí?